Ta ló lẹ́nu láti sọ pé iṣẹ́ yìí ò dáa?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa Corolla tòkunbọ̀, pàápàá ti 2003 sí 2008, ẹ jáde lọ wo nọ́ńbà ṣáṣí ọkọ̀ yín, ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí. Tó bá jẹ́ 1NX ló fi bẹ̀rẹ̀, wọn ò ṣe é ní Jàpáàn o. Ìlú kan tó ń jẹ́ Fremont ní Kalifóníà ni wọ́n ti tò ó, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ló sì tò ó. Mo mọ̀ pé mẹkáníìkì yín ti búra fún yín pé ojúlówó Jàpáàn ni, ẹ ṣáà fi í sílẹ̀ jàre. Ilé-iṣẹ́ tí ọkọ̀ yẹn ti jáde ní ìtàn, ìtàn yẹn ló sì máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbàkigbà tí ẹnì kan bá ní ọjà wa ò lè bá ti òkè òkun dù ú torí pé àṣà wa ò gbà bẹ́ẹ̀, tàbí èyí tó tún burú jù ú lọ, pé aláwọ̀ dúdú ò mọ nǹkan tó dáa.

General Motors, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ ni ibẹ̀. Nígbà tó di 1982 wọ́n tì í pa, torí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ti sú gbogbo èèyàn, àwọn òṣìṣẹ́ ń mutí lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó bá wù ú ló ń wá síṣẹ́, àwọn kan tínú ń bí sí ọ̀gá á mọ̀ọ́mọ̀ ju ìgò sínú ilẹ̀kùn ọkọ̀ kí wọ́n tó dè é, kí ẹni tó bá rà á lè máa gbọ́ ariwo tí kò ní rójú ẹ̀. Àwọn ọ̀gá náà ò sì ka òṣìṣẹ́ sí nǹkan kan. Òfin tó ga ju gbogbo òfin lọ níbẹ̀ ni pé láìnì, ìyẹn ìlà tí ọkọ̀ ń gbà kọjá bí wọ́n ṣe ń tò ó, ò gbọdọ̀ dúró. Bó o rí i pé bóòtù kan ò fún, bó o rí i pé wọ́n ti de nǹkan tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ ọkọ̀ lára, jẹ́ kó máa lọ, àwọn kan á tún un ṣe tó bá jáde síta. Ta lo jẹ́ tó o fẹ́ dá láìnì dúró?

Ní 1984 Toyota àti General Motors jọ tún ibẹ̀ ṣí, wọ́n sọ ọ́ ní NUMMI. Ibi tó ya èmi lẹ́nu nìyí: ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé lọ yẹn náà ni wọ́n tún gbà padà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan náà, àdúgbò kan náà, ilé ọtí kan náà. Wọ́n kó wọn ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ lọ sí Jàpáàn kí wọ́n lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọ́n kó wọn padà wálé, wọ́n wá ta okùn kan sókè láìnì. Ẹnikẹ́ni tó bá rí nǹkan tí ò dáa, tàbí tí iṣẹ́ ń lé ní àlébá, kó fa okùn. Orin á dún, olórí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á sáré dé, á bi í pé kí lo rí, wọ́n á jọ dá ọwọ́ bò ó, tí wọn ò bá rí i ṣe kí ọkọ̀ tó kúrò lójú ibẹ̀, láìnì á dúró, gbogbo èèyàn á dúró. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ Fremont fi dọ́gba pẹ̀lú ti Jàpáàn. General Motors fẹ́ gbé ọgbọ́n okùn yìí lọ sí ilé-iṣẹ́ wọn mìíràn ní Van Nuys, nínú Kalifóníà kan náà, àmọ́ àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ò fẹ́ kí láìnì dúró rárá, ọ̀rọ̀ ò wọ̀, wọ́n ti ibẹ̀ náà pa ní 1992.

Ṣé àṣà ọmọ Amẹ́ríkà wá yí padà láàárín 1982 sí 1984 ni? Ó tì o. Ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo fi ṣe àkòrí òkè yìí ló yí padà.

Ẹni tó bá mọ ìdí okùn yẹn á tún fẹ́ràn rẹ̀ sí i. Bàbá tí ìdílé Toyota ti ṣẹ̀, Sakichi Toyoda, iṣẹ́ aṣọ híhun ni tiẹ̀. Ní 1924 ó ṣe máṣíìnì ìhunṣọ kan tó jẹ́ pé bí òwú kan bá já, á dúró fúnra ẹ̀, kò ní máa hun aṣọ jákujàku lọ kí ẹnì kan tó rí i. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn tó ń hun aṣọ òkè rí ní Ìṣẹ́yìn mọ̀ pé ohun tí àwọn náà ń ṣe nìyẹn, òwú já, ọwọ́ dúró, wọ́n so ó, iṣẹ́ tún ń lọ, kò sẹ́ni tó ń gbàṣẹ lọ́wọ́ baálé kó tó so òwú. Torí náà kì í ṣe pé a ò ní in nílé. A ní in nídìí òfì. Ibi tó ti ń sọnù ni ibi tí èèyàn bá ti pé méjì, tí ọ̀kan jẹ́ ọ̀gá tí èkejì jẹ́ ọmọṣẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnì kan sọ fún yín pé bí wọ́n ṣe bí ará Jàpáàn nìyẹn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọjà Jàpáàn ni gbogbo ayé fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, ohun ìṣeré ọmọdé tí kò ní dé ọ̀túnla. Ní 1950 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹnjiníà wọn pe ará Amẹ́ríkà kan, W. Edwards Deming, kó wá kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń fi ìṣirò ṣọ́ iṣẹ́ kó tó bàjẹ́, ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n ti fi orúkọ ẹ̀ dá ẹ̀bùn sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tó bá ṣe dáadáa. Ọkùnrin yìí ní kókó 14 tó máa ń tẹnu mọ́ fún àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́, ọ̀kan nínú wọn ni pé kí wọ́n lé ẹ̀rù kúrò láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ̀rù! Ẹni tó ń kọ́ni ní ìṣirò ló ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rù o.

Geert Hofstede, ará Netherlands, gba èsì ìwádìí tí IBM, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣe láàárín òṣìṣẹ́ wọn káàkiri ayé láti 1967 sí 1973, ó fi wọn bí àwọn èèyàn ibì kan ṣe gbà á sí pé ọ̀gá ni ọ̀gá, kí ọmọṣẹ́ mọ̀wọ̀n ara ẹ̀. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ka Nàìjíríà mọ́, gba 77, Jàpáàn gba 54, Amẹ́ríkà gba 40. Èmi ò fi gbogbo ọkàn tán an, torí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM nígbà yẹn àti ìyá tó ń rẹ aró ní Abẹ́òkúta, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọjọ́ wọn. Àmọ́ ẹ wo nǹkan kan níbẹ̀: àwọn ará Jàpáàn ń tẹríba fún ọ̀gá ju ará Amẹ́ríkà lọ, síbẹ̀ àwọn ló ta okùn. Wọn ò ní kí ọmọdé máa bú àgbà. Okùn ló ń sọ̀rọ̀, ọmọ náà ò ya ẹnu rárá, ọ̀wọ̀ ṣì wà níbi tó wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ á wá sí Ṣómólú, ní Èkó.

Iṣẹ́ dísáìnì ni mò ń ṣe, Ṣómólú ni mo ti ń tẹ iṣẹ́ àwọn oníbàárà mi, ẹni tó bá mọ àdúgbò yẹn mọ̀ pé kò sí nǹkan tí wọn ò lè tẹ̀ níbẹ̀, látorí káàdì ìpè ìgbéyàwó dórí báàgì oníbébà. Lọ́jọ́ kan mo jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù kan, mò ń retí kí wọ́n kan iṣẹ́ tèmi, jọ́tà òkú àgbà ló wà lórí máṣíìnì, Kord àtijọ́ kan tó ń ké bí ẹni ń fọ́ ẹ̀pà. Iṣẹ́ parí, wọ́n gé e, wọ́n lẹ̀ ẹ́, wọ́n dì í. Àwọn ọmọ olóògbé dé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìsìnkú di ọ̀la, àbúrò ìyàwó àkọ́bí mú ọ̀kan, ó wò ó, ó tún wò ó, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ọdún wo lẹ kọ síbí pé wọ́n bí mámà? 1936 ti di 1963. Ìyá ti kéré lọ́jọ́ orí sí àkọ́bí ẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nínú fọ́tò.

Ariwo tó sọ níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní kọ ọ́ tán. Ohun tó gbà mí láyà ni ti ọmọṣẹ́ kan tó ń to bébà látàárọ̀, ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ fún ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ pé òun ti rí i láti àárọ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti gbé pléètì gun máṣíìnì. Ọ̀gá gbọ́. Ọ̀gá yíjú padà, ó ní o rí kí ni? Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀? Ọmọ yẹn dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí bébà tí wọ́n gé kù, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ti wò ó."

Ẹ ti wò ó. Ìyẹn ni pé ojú yín ti kan án, ojú tèmi wá kí ni? Ṣebí ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, ọmọdé ò lè rí i bó nàró. Àmọ́ ọmọ yìí rí i. Ó rí i nàró gbangba, ó kà á dáadáa, ó sì fi ọwọ́ ara ẹ̀ to ọgọ́rọ̀ọ̀rún bébà tó mọ̀ pé kò dáa. Ẹ má sì dá a lẹ́bi kíákíá, torí mo ti wà ní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ rí tí ọmọṣẹ́ ní pupa yìí pọ̀ jù, tí òpérétọ̀ bi í pé ṣé ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ ni, tí gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ yẹn ò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Nǹkan mìíràn wà nídìí ẹ̀ tó jinlẹ̀ ju ìtìjú lọ. Ọmọṣẹ́ ò gba owó oṣù tó nítumọ̀, ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé òun ló san owó kó tó wọlé, kí ló wá ń dúró dè? Àdúrà ọ̀gá lọ́jọ́ frídọ̀ọ̀mù ni. Gbogbo wa la gbà pé ẹni tó bá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá láìjẹ́ pé ọ̀gá fi ọwọ́ lé e lórí, iṣẹ́ náà ò ní gbè é, bó mọ̀ ọ́n tó ìwo. Ọmọ tó bá ń tọ́ka àṣìṣe ọ̀gá lójú oníbàárà, ó ń fi àdúrà yẹn ta tẹ́tẹ́ ni. Ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fi sìn, torí nọ́ńbà méjì tó ṣípò padà lórí jọ́tà òkú? Èmi náà ò bá dákẹ́. Torí náà tí àwọn tó ń ṣe sẹmínà bá dé, tí wọ́n ní kí a "fún òṣìṣẹ́ ní ohùn", ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé kí ni ọmọ náà máa pàdánù tó bá lo ohùn ọ̀hún. A máa ń kì í lórí ìpàdé pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́, àmọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, àgbà nìkan ló gbọ́n.

Àwọn oníbàárà wa náà ò ràn wá lọ́wọ́. Iṣẹ́ ò dáa, wọn ò ní jà, wọ́n á ní ẹ jẹ́ á ṣáà máa mánéèjì ẹ̀, Ọlọ́run lọba, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbé e lọ, wọn ò sì ní padà wá mọ́ láéláé. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ á rò pé inú wọn dùn. Nígbà tó bá yá wọ́n á ní "ayé" ló ń lé oníbàárà lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí, ẹ ṣí ẹ̀yìn ìwé tí àwọn ọmọ yín ń kà nílé-ẹ̀kọ́ wò, ẹ wo iye tí wọ́n kọ India tàbí China sí gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Owó bébà, iná mànàmáná, owó orí ọjà, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, mi ò sẹ́. Àmọ́ mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń gbé iṣẹ́ lọ pé kì í ṣe owó nìkan, pé ó ti sú àwọn láti máa ṣí páálí kí àwọn bá ojú ìwé tó wà lódìkejì níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "ayé" yẹn, mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀sìn o. Bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí títẹ̀wé sọ fún mi pé láyé ìgbà tí àwọn ń bọ Ògún nínú ṣọ́ọ̀bù, máṣíìnì kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n á tú u, wọ́n á fọ gbogbo rólà, wọ́n á fi gírísì kun ibi tó yẹ, wọ́n á kó gbogbo irinṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó da ẹ̀jẹ̀ àkùkọ sí i, torí Ògún ò fẹ́ ìdọ̀tí. Ní báyìí wọ́n ti pa Ògún tì, pásítọ̀ ló ń wá da òróró sórí máṣíìnì, àdúrà wà, ààmín wà, ọjọ́ fífọ máṣíìnì ló di àwátì. Mo rò pé a ju èyí tó wúlò nù, a sì mú èyí tó rọrùn.

Ohun kan náà ni mo máa ń rò nípa Ìyá Mapó, òrìṣà tó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin. Àwọn aláró gbà pé tí inú ìyá bá bàjẹ́, aró ò ní mú. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè sún mọ́ ìkòkò aró, a kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, a sì ń ní sùúrù fún un títí yóò fi ṣe tán. Ẹ bi ẹni tó bá mọ̀ nípa élú, á sọ fún yín pé aró nǹkan abẹ̀mí ni, ó ń kan bí ògì ṣe ń kan, ìkánjú àti ìkọwọ́bọ̀ọ́ ló ń bà á jẹ́. Lójú tèmi, èèwọ̀ yẹn ni ìwé òfin iṣẹ́ wọn.

Nígbà tí kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó dé Abẹ́òkúta, sódà tí èèyàn ń rà lọ́jà wá rọ́pò omi eérú tó ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó ṣeé lò, iṣẹ́ yá. Ṣùgbọ́n sódà le, tó bá pọ̀ jù á jẹ aṣọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1920 àwọn oníṣòwò ti ń ráhùn pé àdìrẹ Ẹ̀gbá ò dáa bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, owó aṣọ sì ń já wálẹ̀ torí ọ̀wọ́n owó tó bá gbogbo ayé. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá wá fi òfin de sódà àti aró òyìnbó. Ó jọ nǹkan tó dáa, àbí? Ìdánilójú ojúlówó láti ààfin. Àmọ́ àwọn ìyá aláró ò gbà, torí àwọn ló mọ iye tí aṣọ funfun wọ̀n, àwọn ló mọ iye tó ń kù sí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tó bá mọ ìwọ̀n sódà ò ní ba aṣọ jẹ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún le débi pé ó di ìgbìmọ̀ ìwádìí ní 1936. Tèmi nínú ẹ̀ ni pé Aláké ò purọ́, aṣọ ń bàjẹ́ lóòótọ́, ibi tó ti ṣì í ni pé ó ti ṣòfin tán kó tó gbọ́ tẹnu àwọn tó ń ki ọwọ́ bọ aró. Ẹ dé ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta lónìí kẹ́ ẹ wo àdìrẹ oníléèṣẹ́ tó ń ti Ṣáínà wá, tó pọ́ọ́kú, tó sì dọ́gba látòkèdélẹ̀. Síbẹ̀, orí òfin la ṣì tún ń padà sí.

Ti ẹ̀wà ni mo fẹ́ fi kún un kí n tó sinmi. Láti 2015 ni European Union ti ní kí ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà má wọ ọ̀dọ̀ wọn mọ́, torí ògùn kòkòrò, dichlorvos, tí wọ́n bá nínú ẹ̀ kọjá ìwọ̀n, wọ́n sì ti fi kún ọjọ́ òfin náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Alábàárù tó ń gbé àpò mọ̀ ọ́n lára, ó ń gbọ́ òórùn ẹ̀, ọmọ tó ń gbálẹ̀ ilé ìkẹ́rù mọ̀, ìyá tó ń tà á mọ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀, kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Àwa tó ń jẹ ẹ́ wá ní ìdáhùn tiwa, pé ìdọ̀tí kì í pa aláwọ̀ dúdú. Gbólóhùn yẹn ti ba ọjà wa jẹ́ ju kòkòrò lọ.

Obìnrin kan wà ní Ṣómólú tí mo ti ń gbé iṣẹ́ lọ bá báyìí, owó ẹ̀ fi díẹ̀ lé ju ti àwọn tó kù lọ. Ó so agogo kẹ̀kẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Ọmọṣẹ́ yòówù tó bá rí nǹkan tí ò yé e, kò ní sọ̀rọ̀, á lu agogo, òpérétọ̀ gbọ́dọ̀ pa máṣíìnì, ẹni tó bá sì rí àṣìṣe tòótọ́, owó oúnjẹ ẹ̀ di ìlọ́po méjì lọ́jọ́ yẹn. Ó ní nígbà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń lu agogo fún yẹ̀yẹ́, àní wọ́n lù ú nígbà tí ìyá oníràìsì ń kọjá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fìyẹn sílẹ̀. Ó tún ti sọ fún wọn lójú òbí wọn, nígbà tí wọ́n ń wọlé, pé agogo ò ní í ṣe pẹ̀lú àdúrà frídọ̀ọ̀mù, pé òun ti ṣe àdúrà tòun sílẹ̀. Ọ̀gá òpérétọ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ti bá tiẹ̀ lọ, ó ní ọmọ tí òun bí lọ́mọ ò lè máa lu agogo lé òun lórí. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí kéré lọ́jọ́ orí, òun fara mọ́ ọn, àmọ́ ó ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣáà má máa lù ú tí òun bá ń jẹun.